Oúnjẹ Tí Wọ́n Dá Padà Lẹ́nu Géètì

Owú jíjẹ kò mọ ọjọ́ orí. Mo ti rò pé tí èèyàn bá ti fẹ̀yìn tì, tí ọkọ ti sùn, tí ọmọ ti lọ sílé ọkọ, kò tún sí ẹni tí yóò máa bá du nǹkan kan mọ́. Irọ́ ni. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa nígbà tí owú so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, nítorí ọ̀jọ̀jọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni. Òun náà bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí mò ń sọ yìí. Kánádà ni wọ́n ń gbé. Nígbà ìsinmi ilé ìwé, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Ìbàdàn. Ilé mi ní Bódìjà ni wọ́n dé sí, torí pé yàrá pọ̀ níbẹ̀, omi ń yọ, iná sólà sì wà. Ṣùgbọ́n Agbowó ni ìyá ọkọ ọmọ mi ń gbé. Tí èèyàn bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ẹnu ọ̀nà mi, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń fẹ́ lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́. Télọ̀ ni. Ọmọ onílé Ìbàdàn ni, Mùsùlùmí láti ilé baba rẹ̀, ó sì ń ránṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ti kún dẹ́nu. Ó fi ọdún kan tàbí méjì jù mí lọ. Ó sanra, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Tí a bá pàdé, "àna mi" ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Òun náà á kúnlẹ̀, àwa méjèèjì á wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni n ó máa pè é. Ẹ jẹ́ kí n rí ìgbádùn díẹ̀.

Èmi, olùkọ́ ni mí. Ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mo fi gbogbo ayé iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Mo mọ èyí tó ń fún ara lókun, mo mọ èyí tó ń mú egungun le. Mo mọ apá ibi tó yẹ kí ṣíbí wà àti apá ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ wà. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n dé, mo gbé ìrẹsì dídín, adìyẹ àti sàláàdì síwájú ọmọ ọmọ mi. Ó fi fọ́ọ̀kì tú u wò, ó gbójú sókè, ó ní, "Gránmà Bódìjà, ṣé kò sí ọ̀jọ̀jọ̀?"

Ọ̀jọ̀jọ̀! Ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n po ata àti àlùbọ́sà mọ́, tí wọ́n wá dín lóróro. Ìpanu lásán ni. Mo bi í pé níbo ló ti jẹ ẹ́. Ó ní Gránmà Agbowó fún òun lánàá, òun jẹ mẹ́jọ. Mẹ́jọ! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé kì í jẹun, pé kí n má fi ṣèbínú.

Mo jowú. N ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo gba ọjà Bódìjà lọ, mo ra ewùrà tó tóbi jù, mo gbé e wálé, mo sì rin ín fúnra mi títí ọwọ́ fi ń yún mi dé ìgbọ̀nwọ́. Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni pé n kò fẹ́ kó dà bíi tirẹ̀; mo fẹ́ kó dára ju tirẹ̀ lọ. Mo fi ẹyin sí i, mo fi ìyẹ̀fun sí i, mo gé kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ sí i nítorí ojú. Ọmọ náà mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì nu ẹnu.

"Ó dùn, Gránmà," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀jọ̀jọ̀."

Ìwà ọmọlúàbí tí ọmọ náà fi sọ ọ́ ló dùn mí jù. Ká ní ó tu ú dànù ni, ǹ bá rí ẹni bá wí.

Àárín ìgbà yẹn ni ọmọ mi sọ pé gbogbo wa máa lọ lo ọjọ́ mẹ́ta, láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí àárọ̀ Sọ́ńdè, ní ọgbà ìṣeré ńlá kan lọ́nà Èkó. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn yí lókè wà níbẹ̀, omi tí ọmọdé lè yọ̀ sínú rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ilé kéékèèké tí àlejò lè sùn sí sì wà níta géètì, olúkúlùkù pẹ̀lú ilé ìdáná tirẹ̀. Àwa márùn-ún la máa lọ: òun, ọkọ rẹ̀, ọmọ, èmi, àti àna mi. Tí a bá sì ti padà dé, òun àti ọkọ rẹ̀ máa lọ sí Àbújá fún ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nítorí ìwé ìrìnnà kan. Ọmọ náà máa dúró sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwa ìyá àgbà méjèèjì.

"Ọ̀dọ̀ ta ni?" mo bi í.

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wù ú, Mọ́mì. A máa jẹ́ kó yàn fúnra rẹ̀ tí a bá ń bọ̀ láti ọgbà."

Ṣé ẹ rí i pé ìdánwò ni. Ọjọ́ mẹ́ta ìdánwò, ọ̀sẹ̀ kan gbáko sì ni èrè rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ á tún di àwòrán inú fóònù fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí. Mo fẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe ti fẹ́ ohunkóhun lọ láti ìgbà tí bàbá àgbà rẹ̀ ti kú.

Ọmọ mi tún wá ní kí n bá àwọn ṣètò oúnjẹ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí pé iṣẹ́ mi ni. Ó fi ìwé òfin ọgbà náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé kí n kà á kí n tó ṣètò. Mo wọ awò, mo kà á. Òfin kẹfà ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ kọjá géètì wọlé, àfi oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Inú ọgbà ni kí olúkúlùkù ti ra ohun tó máa jẹ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú ìwé àti rúlà, mo fa ìlà bí mo ṣe máa ń fà á fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi. Ẹtì, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, èmi. Àárọ̀ Sátidé, èmi. Alẹ́ Sátidé, èmi. Àárọ̀ Sọ́ńdè, èmi. Ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kan ṣoṣo tí a máa wọ inú ọgbà gan-an, mo kọ "àna mi" síbẹ̀, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Mo gba Agbowó lọ fúnra mi láti lọ sọ fún un. Ó wà nídìí ẹ̀rọ, ó fi ètè di abẹ́rẹ́ mú. A kúnlẹ̀ kúnlẹ̀ wa tán, mo jókòó.

"Àna mi," mo ní, "ọjọ́ Sátidé lọjọ́ ńlá. Inú ọgbà gan-an la máa wà lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ni mo fi oúnjẹ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ fún, torí ẹ̀yin lẹ lọ́lá jù."

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Inú ọgbà lẹ ní kí n gbé e wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, àna mi."

"Ẹ ṣeun o. Ẹ gbé mi níyì. Mọ́ínmọ́ín àti ọ̀jọ̀jọ̀ ni n ó ṣe, inú ọmọ wa á dùn."

Láàárín àna, kò sí pé èèyàn kọ ọlá. Tí àna bá ní kó o fi orí ru kànga wá, ohun tó o máa bi í ni pé ìgbà wo ló fẹ́ kó dé. Mo mọ èyí dáadáa, òun ni mo sì gbójú lé. Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

A lọ. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, tèmi ni. Mo se ìrẹsì ọ̀fadà, mo sun ẹja, mo fi àgbàdo tútù se ọbẹ̀ olómi tí mo kọ́ láti inú ìwé. Ọmọ náà jẹun, kò bèèrè ohunkóhun. Àna mi ń fọ abọ́ lẹ́yìn mi, ó ń pariwo pé, "Ẹ wò ó, àna mi mọ oúnjẹ ṣe o! Ọwọ́ ẹni tó kàwé mà ni!" Bó ṣe ń yìn mí ni inú ń bí mi, torí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í yin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ báyẹn. Ó hàn pé n kò bà á lẹ́rù rárá.

Láàárọ̀ Sátidé, kété lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo gbọ́ ọ tó ń rin ewùrà ní ilé ìdáná. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbọ́ ọ. Ó ti pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé láti ìrọ̀lẹ́ àná, ó ń sè é lọ lórí iná. Ó ń fi ohùn kékeré kọrin àsàlátù. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà: "Àna mi, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà, wọn ò ní gbà á wọlé." Mo yíjú sí ògiri.

Géètì ọgbà náà ga, wọ́n ya àwòrán ẹranko sí i lára. Àwa márùn-ún dé ibẹ̀ pẹ̀lú kúlà ńlá méjì. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣí ọ̀kan, òórùn mọ́ínmọ́ín sọ sí i nímú, ó sì tún dé e.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Oúnjẹ ò wọlé."

Ọkọ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fà á. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ náà nawọ́ sí pátákó tí wọ́n kọ òfin sí. Ọmọ mi kà á, ó sì yíjú sí mi. Ojú tó fi wò mí yẹn, ojú bàbá rẹ̀ ni.

"Mọ́mì, ṣé kò sí nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ni? Ṣé ẹ ò sọ fún wọn ni?"

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, tèmi sì ti dé ojú mi. Ìgbà yẹn ni àna mi bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n sọ fún mi o! Wọ́n sọ fún mi dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo gbàgbé, ọjọ́ ogbó ti ń dé. Ẹ má dá ẹ̀ṣọ́ lóhùn, ẹ wọlé, ẹ lọ ṣeré. N ó jókòó ti kúlà mi níbí."

Ọmọ mi ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì," sí mi. Sí èmi! Mo mi orí, bí ẹni pé mo dárí jì í.

Ọmọdé náà kò fẹ́ wọlé. Ó di aṣọ ìyá àgbà rẹ̀ kejì mú, ó ń sunkún, títí ìyẹn fi sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí tó fi gbà. A wọlé. Mo san owó gbogbo ohun tó bá fẹ́ gùn. Ó gun ẹṣin tó ń yí po, ó gun ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà géètì ló ń wò. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ra ìrẹsì àti adìyẹ fún un ní ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ìrẹsì náà gbẹ. Ó tì í sẹ́yìn.

"Mo fẹ́ lọ jẹun lọ́dọ̀ Gránmà Agbowó."

A tẹ̀lé e jáde. Àna mi ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ní ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Àwọn awakọ̀ mẹ́ta jókòó yí i ká. Ẹ̀ṣọ́ tó dá oúnjẹ padà wà láàárín wọn, ó fi ìwé di ọ̀jọ̀jọ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó ń fi èkejì tú ewé mọ́ínmọ́ín, ó ń pe àna mi ní "Mọ́mì wa." Ọmọ ọmọ mi sáré lọ, ó bọ́ sí itan rẹ̀. Ó jẹ mẹ́sàn-án. Mo kà á. Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ju bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín nínú ọgbà lọ. Èmi náà jẹ. Ó dùn. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, ó dùn, mo sì ń gbé e mì bí ẹni ń gbé egbòogi mì.

Nígbà tí àwọn yòókù padà wọlé, mo ní orí ń fọ́ mi. Mo dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ń ká ewé jọ. N ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí.

"Àna mi," mo ní, "n kò sọ fún yín."

"Ẹ ò sọ fún mi," ó ní.

"Ó yẹ kí n sọ."

Ó ń fi ọwọ́ gbọn ẹní. "Ẹgbẹ́ àsàlátù wa wá síbí nígbà Iléyá tó kọjá. Gbogbo kúlà wa ni wọ́n dá padà. Abẹ́ igi yìí la jókòó sí."

N ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Nígbà tó yé mi, mo ju ewé ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ mọ̀ ọ́n látìgbà tí mo ti wá sí ṣọ́ọ̀bù? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sè é?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sè é," ó ní. "Kí ni kí n sọ fún àna mi, pé irọ́ ni wọ́n ń pa?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí omi ò bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé kúlà kan lé mi lọ́wọ́, ó gbé èkejì, a kó wọn lọ sínú bọ́ọ̀tù.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò mọ̀ bóyá sùúrù ló fi bá mi lò ni tàbí ọgbọ́n. Bóyá ó ti mọ̀ pé abẹ́ igi yẹn á dùn mọ́ ọmọdé ju inú ọgbà lọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọgbọ́n. Tó bá jẹ́ ọgbọ́n ni, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ mi ni, mo sì lè máa bá a jà lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí bó ṣe gba ẹ̀bi mi sórí níwájú ọmọ tí mo bí, owú mìíràn ni mo tún ń jẹ, èyí tí kò nílò oúnjẹ. Mo ń jowú irú ẹni tó jẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nínú ọkọ̀, ọmọ mi bi ọmọ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ta ló fẹ́ dúró sí fún ọ̀sẹ̀ tó kù. Mo ti di ọwọ́ mi pọ̀ lórí itan. Mo ti mọ ìdáhùn, mo ti mọ irú ẹ̀rín tí mo máa rín.

"Gránmà Bódìjà," ọmọ náà wí.

Mo pariwo. Mo gbé e mọ́ra, mo fi ẹnu kò ó lórí, n ò wo ẹ̀gbẹ́ tí àna mi wà. Ayọ̀ tó wọ inú mi, ti ẹni tó borí ni, n ò lè purọ́. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń kọrin kiri inú ilé. Mo se gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n sè. Mo ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ọmọ ọmọ mi ló yàn mí fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń mi ẹsẹ̀. Mo bu ẹ̀wà àti dòdò fún un. Nítorí pé inú mi dùn, mo fẹ́ tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í pé kí ló mú un yàn mí.

"Gránmà Agbowó ló ní kí n yàn yín," ó ní. "Lẹ́nu géètì, nígbà tí mo ń sunkún. Ó ní kí n wọlé lọ bá yín, kí n sì wá dúró sọ́dọ̀ yín tí a bá ti dé. Ó ní òun ní ọmọ mẹ́fà, ẹ̀yin ní ẹyọ kan. Ó ní tí mi ò bá wá, ẹ máa sunkún."

Ó mú dòdò kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wò mí.

"Ṣé ẹ máa sunkún lóòótọ́?"

"Rárá," mo ní. "Jẹun."

Ó jẹun. Mo kọjú sí síńkì, mo ń fọ abọ́ tó mọ́. Obìnrin náà ti mọ̀ mí tinú tẹ̀yìn láti ìgbà tí mo ti ń kúnlẹ̀ fún un, kò sì sọ fún ẹnì kan, àfi ọmọ yìí. Mo ti dárí gbogbo ohun yòókù jì í, títí kan ọ̀jọ̀jọ̀. Pé ó mọ̀ mí tó báyẹn nìkan ni n kò tíì lè dárí rẹ̀ jì í.